Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Tó Wálẹ̀ Lẹ́yìn Tí A Ti San Án

Títì ṣófo lójú mi. Mo dúró létí rẹ̀ ní Ìgándò, lọ́sàn-án, mo gbé àpò yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán kọ́ èjìká. Mo fojú gbá ọ̀tún, mo fojú gbá òsì, n kò rí nǹkan kan, mo bá gbé ẹsẹ̀ sọ́nà. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé àpò ti já kúrò léjìká mi, àwọn yunifọ́ọ̀mù ti tú sínú ẹrẹ̀, ọlọ́kadà kan sì wà níwájú mi tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀ kí ọ̀kadà rẹ̀ má bàa ṣubú.

"Màmá, ẹ ò ríran ni? Gbogbo hóònù tí mò ń fọn láti ìsàlẹ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ fẹ́ kó bá mi!"

Mo gbọ́ hóònù náà. Mo rò pé ẹ̀yìn mi ló ti ń dún ni. Ọ̀kadà pupa ni, ó gbé èèyàn méjì, apá òsì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán ló sì ti wá.

N kò bá a jà. Mo ṣa aṣọ mi, mo lọ sílé. Ọkọ mi, tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, wà nílé lọ́jọ́ náà. Mo ní kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kó máa mi ṣíbí kan, pé màá kọjú sí ògiri, màá sì sọ fún un bí mo bá ti rí ṣíbí náà.

"Ṣé o rí i?" ó bi mí.

"Ẹ ò tíì gbé e sókè."

"Mo ti ń mì í láti ìgbà tí o ti dúró."

Ó lọ sí apá kejì. Bákan náà ni. Ó rọra gbé ṣíbí náà sórí tábìlì bí ohun tó lè fọ́, ó sì jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe ohun tí awò ojú lè tán.

Dókítà tó ka àwòrán orí mi sọ pé kókó kan wà lábẹ́ ọpọlọ mi, pé ó tó ọsàn wẹ́wẹ́ kékeré, ó sì jókòó lé ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Ó ní bí a bá tètè yọ ọ́, ìríran lè padà. Bí a bá fi falẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó ti ṣókùnkùn yóò máa sún mọ́ra títí wọn yóò fi pàdé láàárín. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe é níwájú mi bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Ó ní ní Íńdíà, imú ni wọ́n ń gbà yọ ọ́, wọn kì í la orí. Ó tún sọ ohun kan tí ọkọ mi kọ sílẹ̀: ìrìnàjò ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Kí ọdún tó yí po, mo gbọ́dọ̀ padà lọ kí àwọn tó ṣiṣẹ́ náà tún yẹ orí wò, nítorí irú kókó yìí a máa hù padà láì jẹ́ kí èèyàn mọ̀.

A ta ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì wa ní Ayọ̀bọ̀, èyí tí a ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ sí. Ẹgbẹ́ àwa télọ̀ dá owó. Ṣọ́ọ̀ṣì dá owó. Gbogbo rẹ̀ tó ìrìnàjò kan ṣoṣo, fún èmi àti ọkọ mi tí yóò tẹ̀ lé mi. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, a kò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ọkàn mi bá débẹ̀, mo máa ń wá nǹkan mìíràn ṣe.

Obìnrin tó gé tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ní yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìkọ̀tún, pẹ̀lú kọ̀mpútà kan àti fáànù kan. Àwọn oníṣòwò tó ń lọ Dúbáì àti Ṣáínà ni oníbàárà rẹ̀. Nígbà tó gba owó wa tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í dúró lójú kan. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ ń bá lọ yìí ní òfin kan. Bí iye tí ẹ san bá wálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti rà á, tó bá ṣe ọkọ̀ kan náà àti ọjọ́ kan náà, tí ẹ sì pè wọ́n kí ẹ tó gbéra, wọ́n á kọ ohun tí ẹ fi lé e sílẹ̀ fún yín."

"Wọ́n á dá owó padà?" ọkọ mi bèèrè.

"Ta ni wọ́n ń dá owó padà fún, bàbá? Wọ́n á kọ ọ́ sí orúkọ yín, ẹ ó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn láàárín ọdún kan. Kírẹ́díìtì ni wọ́n ń pè é. Bíi káàdì fóònù ni. Ẹ ò lè fi ra ẹja, àmọ́ ẹ lè fi pe ẹni tó wù yín. Wọn kì í pe èèyàn láti sọ fún un ṣá. Èmi ni mo máa ń ṣọ́ ọ. Tí mo bá rí i, màá pè yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí ohùn ẹni tó ni tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ẹ ṣáà má pa fóònù yín."

Mo ní mo gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti pa á.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Nínú ìjọ aláṣọ funfun tiwa, a kì í sọ ọjọ́ ìrìnàjò síta. Ẹ̀rù èèyàn ni. Ìyá àdúrà wa, obìnrin àgbà tó máa ń ríran fún ìjọ, sọ fún mi pé òun rí mi níbi tí mo ti ń gun àtẹ̀gùn, tí ẹnì kan sì di etí aṣọ mi mú láti ìsàlẹ̀. Ó ní kí n má sọ ọjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni, kí n sì wá gbé inú ilé àdúrà fún ọjọ́ méje kí n tó gbéra, láì gba ìpè, láì rí àlejò. Èmi tí ẹ̀rù ń bà tẹ́lẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ gbọ́? Mo pa fóònù mi. Mo ní kí ọkọ mi pa tirẹ̀ náà. Ilé oníyàrá mẹ́jọ là ń gbé, kọ́rídọ̀ kan ṣoṣo, ohun tí a bá sọ ní yàrá kìíní ni wọ́n ń gbọ́ ní yàrá kẹjọ. A sọ fún gbogbo ilé pé mò ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú ọkọ mi, láti lọ sinmi.

Ẹni tí mò ń bẹ̀rù jù nínú ilé náà ni Alhaja. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ń ta ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, yàrá rẹ̀ sì dojú kọ tèmi. A kò tíì rẹ́ dáadáa láti ìgbà tó ti ní ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ mi kì í jẹ́ kí òun gbádùn ìrun Súbúhì. Láti ìgbà tí ojú mi ti bẹ̀rẹ̀, ó ti sọ ìbéèrè di iṣẹ́: "Ìyá Télọ̀, ojú ńkọ́? Kí ni dókítà wí? Ìgbà wo lẹ ń padà lọ?" Mo máa ń dáhùn pé ó ti ń san, màá sì wọlé kíá. Nígbà tí Ìyá àdúrà sọ̀rọ̀ ẹni tó di etí aṣọ mi mú, n kò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ ẹni tí ó ń sọ.

Ní ọjọ́ kẹrin mi nínú ilé àdúrà, wọ́n ní obìnrin kan tó wé ìbòrí wà lẹ́nu géètì, pé wọ́n ní kó máa lọ, kò lọ. Mo jáde sí i. Alhaja ni. Ó di sálúbàtà rẹ̀ mú lọ́wọ́.

"Wọ́n ní mi ò lè wọ bàtà wọlé, mo bọ́ ọ. Wọ́n tún ní kí n dúró síta. Ṣé kí n tún wọ̀ ọ́ padà ni, àbí kí n máa dì í mú? Ilẹ̀ yín gbóná o, jàre."

"Ẹ káàsán, Alhaja."

"Káàsán. Ògbómọ̀ṣọ́ yìí mà sún mọ́ tòsí o. Mo rò pé gáréèjì ni màá lọ, ọ̀kadà kan ló gbé mi dé."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni pé ó ń jẹ́ kí ìtìjú náà wọ̀ mí lára dáadáa, kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó gbé e wá.

Obìnrin tíkẹ́ẹ̀tì ti wá sílé wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti ń pe fóònù wa láti ọjọ́ mẹ́ta, kò lọ. Ó dúró ní kọ́rídọ̀, ó sì bèèrè sókè obìnrin tó ń lọ sí Íńdíà lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Gbogbo ilé gbọ́," ni Alhaja wí. "Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń lọ Íńdíà níbẹ̀, pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá Télọ̀ lọ. Obìnrin náà ní a jẹ́ pé òun ṣi ilé, ó ti ń lọ. Èmi ni mo sáré tẹ̀ lé e."

"Ta ló sọ fún yín pé èmi ni?"

"Ojú yín ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti kọlù mí ní kọ́rídọ̀ yẹn, tí ẹ ò rí mi, bí mo ṣe tóbi tó yìí. Mo kọ́kọ́ rò pé ìgbéraga ni. Ẹ sì ti kó gbogbo aṣọ funfun yín kúrò lórí okùn. Ibo lẹ fẹ́ wà?" Ó gbé sálúbàtà sí ọwọ́ kejì. "Ó ní owó tíkẹ́ẹ̀tì yín ti wálẹ̀, pé kí ẹ wá pè wọ́n kó tó lọ sókè padà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn. Èmi ń ta ike, mo mọ̀ pé ohun tí owó rẹ̀ wálẹ̀ láàárọ̀ lè ti yàtọ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìyá àdúrà ti jáde wá síbi tí a wà. Ó ní bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kọjá géètì, ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti lò ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí àyè láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo dúró láàárín wọn. Ẹ̀rù ń bà mí gidi. Bí mo bá jáde, tí nǹkan kan sì ṣe mí lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ta ni màá dá lẹ́bi? Ṣùgbọ́n bí n kò bá jáde, kí ni màá fi padà lọ nígbà tí ọdún bá ń yí po? Ilẹ̀ Ayọ̀bọ̀ ti tà. Kò sí ilẹ̀ mìíràn. Mo tún rí ọwọ́ dókítà méjèèjì níwájú mi, tí wọ́n ń pàdé.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó lọ nínú ẹ̀wù funfun ẹ̀," ni Alhaja sọ fún Ìyá àdúrà. "Kó máa gbàdúrà ẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ọlọ́run tó wà níhìn-ín kò sí ní Ìkọ̀tún ni?"

Ìyá àdúrà kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò dí géètì náà mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ sí Ìkọ̀tún nínú ẹ̀wù funfun, láì wọ bàtà, èmi láàárín, ọlọ́kadà níwájú, Alhaja lẹ́yìn pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò wá. Nígbà tí a dé orí kòtò àkọ́kọ́, mo rí i pé Alhaja ti kó etí ẹ̀wù mi jọ sí ọwọ́ kan, ó dì í mú ṣinṣin kó má bàa wọ inú táyà. Nígbà tí a sì sọ̀ kalẹ̀, tí a ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, kò tíì fi í sílẹ̀, nítorí àtẹ̀gùn náà dọ̀tí, ẹ̀wù mi sì gùn. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn kẹta. Ó ní, "Kí ló dé?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Títí di òní, n kò tíì sọ ìran Ìyá àdúrà fún un, n kò sì mọ bí màá ṣe kà á sí.

Obìnrin tíkẹ́ẹ̀tì kò kí wa pẹ́. "Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó kíá." Ó pe ilé iṣẹ́ náà, ó ṣàlàyé, ó gbé fóònù fún mi. Obìnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀ bèèrè orúkọ mi, mo sọ ọ́. Ó bèèrè ọjọ́ ìbí mi.

Ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ohun tí ìyá mi sọ ni pé ìgbà tí àgbàdo ń tú ni, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bo òrùlé bàbá mi. Ẹni tó bá wa kọ fọ́ọ̀mù pásípọ́ọ̀tù ló yan ọjọ́ kan fún mi. N kò kọ́ ọ sórí rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò. Mo ń gbọ́ tí obìnrin tíkẹ́ẹ̀tì ń fi ìka gbá tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń gbá a kíkankíkan, n kò mọ ìdí. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi sí ariwo náà. Ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù mi ló gbé síbẹ̀ lápá òsì, tó ń fi ìka hàn mí.

"Iwájú rẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí," Alhaja ní. "Kò rí ẹ̀gbẹ́." Ó na ọwọ́, ó mú ìwé náà, ó gbé e síwájú imú mi.

Mo ka ọjọ́ náà bí ẹni pé tèmi ni. Obìnrin orí fóònù dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ìwé kan jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, orúkọ mi wà lórí rẹ̀, àti ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye tí tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan lè wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tíkẹ́ẹ̀tì ní òun náà kì í sábà rí i bẹ́ẹ̀.

Ó ku ti ọkọ mi. Ó wà níbi iṣẹ́ ní Òkè-Odò. Nígbà tí a rán ọlọ́kadà lọ pè é, tó sì fi dé, a ti lo ju wákàtí méjì lọ lórí àga. Ó wọlé pẹ̀lú eruku pákó lórí. Obìnrin tíkẹ́ẹ̀tì yí ojú kọ̀mpútà sí wa. Iye náà ti lọ sókè padà, ó tiẹ̀ kọjá ibi tó wà nígbà tí a ra tiwa.

"Kò burú," ọkọ mi ní. Ó wo ìwé tèmi lọ, ó wò ó bọ̀. "Ìwọ lo ni ojú."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà kò gùn láti sọ. Wọ́n gba imú mi yọ kókó náà. Mo jí pẹ̀lú òùngbẹ. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí ẹsẹ̀ ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láì yí ọrùn, mo sì sunkún. Ṣùgbọ́n dókítà oníṣẹ́ abẹ náà sọ pé ohun bíńtín kan ṣì wà lẹ́bàá iṣan ẹ̀jẹ̀ tí òun kò fẹ́ fọwọ́ kàn, pé òun kò lè sọ bóyá ara kókó náà ni. Kí n padà wá kí ọdún tó pé. Bó bá ń dàgbà, kí àwọn tètè fi iná ẹ̀rọ jó o.

Mo gbé ọdún yẹn bí ẹni gbé omi kíkún lórí. Mò ń rán yunifọ́ọ̀mù, mò ń wo igun ògiri méjèèjì láràárọ̀ kí n tó dìde lórí ibùsùn. Bí orí bá fọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí lójú mi. Èmi àti Alhaja kò di ọ̀rẹ́. Ó ṣì ń ṣàròyé nípa ẹ̀rọ mi. Ìwé kírẹ́díìtì náà, mo rán an mọ́ inú ìrọ̀rí, mo sì ń fọwọ́ tẹ ibẹ̀ wò.

Fóònù mi wà ní títàn lọ́jọ́ tí obìnrin tíkẹ́ẹ̀tì pè. "Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí owó yín kú o." Owó tíkẹ́ẹ̀tì tún ti gbẹ́nu sókè. Mo tú ìrọ̀rí. A ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ mi méjì, a fi kún ohun tó wà lórí ìwé, ó tó ẹnì kan, ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àyẹ̀wò. Ọkọ mi kò lè tẹ̀ lé mi. Ó kọ gbogbo ohun tí màá bèèrè lọ́wọ́ dókítà sínú ìwé kékeré kan, ní gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní kí n máa kà á nínú ọkọ̀.

N kò sùn nínú ọkọ̀ òfuurufú náà. Wọ́n ya àwòrán orí mi láàárọ̀, wọ́n ní kí n dúró. Mo dúró títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, dókítà náà gbé àwòrán méjì sójú ẹ̀rọ, ti ọdún tó kọjá àti ti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, n kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dáadáa. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó jọ̀ọ́, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá fi ìka kan àwòrán àkọ́kọ́, ó fi kan ìkejì, ó sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: ohun bíńtín tó ń dẹ́rù bà wá náà kò dàgbà rárá. Àpá lásán ni. Kókó náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Kí n má ṣe padà wá. Kí n máa lọ yẹ ojú mi wò nílé bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe.

"Ṣé mi ò ní fọ́jú?" Ìyẹn kò sí nínú ohun tí ọkọ mi kọ sílẹ̀.

Ó ní n kò ní fọ́jú nítorí èyí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ dìde, mo tún jókòó. Ó rò pé mo tún ní ìbéèrè, ó tẹ̀ síwájú. Mo ní rárá o, ó ti rẹ̀ mí ni. Ó ní kí n jókòó bó bá ṣe wù mí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn, ó pe ẹni tó kàn.